Ewé Orí Pẹpẹ

Àgùntàn méje ni Bàbá Adétúnbọ̀ ní, orúkọ àwọn ọ̀gá tó fojú rẹ̀ rí màbo nílé iṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham ló sì fi sọ gbogbo wọn. Kevin wà níbẹ̀, Winston wà níbẹ̀, Dennis náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ abo ni Dennis, ó ti bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì. Tí bàbá bá ti dé pápá láàárọ̀, á ké mọ́ wọn pé, "Dennis, o ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lónìí o!" Á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Dennis gidi fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún òun náà.

Ẹ má fi ẹ̀rín yẹn wò ó o. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí bàbá fẹ̀yìn tì ni ìyàwó rẹ̀ kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà ní Canada, ojú fóònù ni wọ́n ti ń kí i. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kò ní pẹ́ tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀. Ọ̀nà tó wá gbà já gbogbo wọn kulẹ̀ ni pé ó lọ háyà ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn Rush Green lọ́wọ́ ìyá òyìnbó kan, ó ra àgùntàn sí i, ó sì tún rí ohun tí yóò máa mú un dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí bàbá ṣe wà lọ́jọ́ kan, àwọn àgùntàn yẹn ni kó lọ wò.

Wúràọlá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí ilé bàbá ló ń gbé. Ọdún 2022 ló wọ ìlú yìí pẹ̀lú físà àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ẹni tó ṣèlérí pé òun á wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú kò wá, nọ́ńbà tó fún un kò sì lọ. Ará ṣọ́ọ̀ṣì kan ló mú un dé ọ̀dọ̀ Bàbá Adétúnbọ̀ ní Heathway. Bàbá ṣí yàrá kékeré òkè fún un, ó gbé ẹ̀rọ amúlémóoru síbẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, máa sùn." Láti ọjọ́ náà ni "ọmọ mi" ò ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Wúràọlá nígbà tí bàbá tó bí i kú, kò sì sẹ́ni tó tún pè é bẹ́ẹ̀ tó dùn mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù ní gbogbo London: kí ọjọ́ kan wá dé tí bàbá yìí á fojú burúkú wò ó.

Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni Wúràọlá kà ní Yunifásítì ní Abẹ́òkúta. Ó gba ìwé ẹ̀rí tó dáa. Ìwé ẹ̀rí náà wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun fúnra rẹ̀ sì wà nílé ìtọ́jú arúgbó níbi tó ti ń wẹ̀ fún èèyàn, tó ń gé èékánná. Kò ráhùn. Àmọ́ nígbà tí ojú àwọn àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í funfun ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, tí bàbá fa ìpéǹpéjú Kevin sísàlẹ̀ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀, inú Wúràọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Nǹkan tó mọ̀ dé.

"Aràn ni, sà," ló wí lórí tábìlì ilé ìdáná. "Wọ́n ti ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Òògùn tí ẹ̀ ń fún wọn yẹn, àwọn aràn yẹn ti mọ̀ ọ́n, it's not working again. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ewé óákù."

"Ewé igi? Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo rán ẹ níléèwé o, àmọ́ ó jọ pé owó ẹni tó rán ẹ ti wọgbó."

"Sà, ẹ rántí kajú? Èyí tí ò tíì pọ́n dáadáa. Tẹ́ẹ bá gé e jẹ, kí ló máa ń ṣe yín lẹ́nu?"

"Á fà mí lẹ́nu ni. Ahọ́n mi á gbẹ bí i páálí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Táníìnì nìyẹn. Amúaradàgbà tó wà nínú itọ́ yín ló rọ̀ mọ́, tó sì dì í mú. Òun náà ló wà nínú bàgàrúwá tí àwọn Hausa fi ń ṣe awọ. Á di awọ tútù mú, kò ní jẹ́ kó rà mọ́, á di bàtà."

Bàbá ní kó máa bọ̀ níbẹ̀. Wúràọlá fi ìka ya ṣàkì àgùntàn sórí tábìlì. Ó ní àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí ló kún inú ṣàkì, àwọn ló kọ́kọ́ ń jẹ oúnjẹ kó tó kan ẹran, wọ́n sì máa ń fi púpọ̀ nínú amúaradàgbà inú koríko ṣòfò. Bí táníìnì díẹ̀ bá di amúaradàgbà náà mú, ọwọ́ wọn ò ní tó o. Á kọjá lọ sí ikùn ẹ̀yìn níbi tí omi inú rẹ̀ ti kan, ibẹ̀ ni táníìnì ti máa ń tú u sílẹ̀, ara ẹran á wá rí i lò. Ìfun tó bá sì ní táníìnì díẹ̀, kì í rọ aràn lọ́rùn.

"Àmọ́ díẹ̀ ni o, sà. Ẹ̀kúnwọ́ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ewúrẹ́ nítọ́ tó lè bá a jà, àgùntàn ò ní. Tó bá ti pọ̀, kò mọ oúnjẹ yàtọ̀ sí ara mọ́. Ara ẹran gan-an lá máa dì mú, ìfun, kíndìnrín, gbogbo ẹ̀."

Bàbá gbọ́ apá àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í gbọ́ ju ìyẹn lọ nínú ọ̀rọ̀ òògùn. Wọ́n ń fún àwọn ẹran ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìpéǹpéjú Kevin sì pupa padà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá jáde síwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Rippleside, nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn Ripple Road, ó jẹ́rìí. Ó ní ewé óákù ni òògùn Olúwa, pé ọmọ òun Wúràọlá ló fi han òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin. Orí Wúràọlá wú. Ó ronú pé òun ní láti dìde sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kúnwọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ta ló máa dìde láàárín ẹ̀rí bàbá tó bọ̀wọ̀ fún láti wá sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n? Ó jókòó.

Àwọn igi óákù so lọ́dún náà ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú gbogbo pápá ìṣeré àti lẹ́bàá títì, èso wọn ń já lulẹ̀, táyà ọkọ̀ ń rún un, ó ń dún pàràpàrà lábẹ́ bàtà àwọn ọmọ iléèwé. Ìyá òyìnbó tó ni ilẹ̀ sọ fún bàbá pé láti ọgọ́rin ọdún tí òun ti wà láyé, òun ò rí irú ẹ̀ rí, àti pé kò bá òun lára mu. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ọdún ọ̀pọ̀ ni.

Ìkórè bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù Òkítóbà. Ìyá Ìbíyẹmí ni olórí àwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́, ìyá Ìjẹ̀bú kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ẹnu rẹ̀ mú, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dáa. Òun àti Bàbá Adétúnbọ̀ kì í kíra. Ní ìkórè ọdún tó kọjá ni bàbá dìde láàárín ìpàdé tó ní òdòdó tí ìyá náà tò jọ ti ilé òkú. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan bá gba ọ̀tún, èkejì á gba òsì. Lọ́dún yìí, ẹni tó máa ń bá wọn kó imọ̀ ọ̀pẹ wá kò rí i kó. Ìyá Ìbíyẹmí mú àlùmọ́gàjí, ó mú obìnrin méjì dání, wọ́n lọ gé ẹ̀ka óákù tó kún fún èso tútù, wọ́n fi yí pẹpẹ ká láti ilẹ̀ dé òkè. Ó dára lójú. Wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n fi òróró kan orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó bá ti dúró lórí pẹpẹ kì í wọ inú gáábéèjì, gbogbo ọmọ ìjọ ló mọ èyí. Nílé, odò tó ń ṣàn ni wọ́n ń gbé e lọ, tàbí kí wọ́n dáná sun ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dáná sun ti èṣí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ panápaná méjì ló dé, ìwé ìkìlọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ni Ìyá Ìbíyẹmí bá rántí ẹ̀rí tí bàbá jẹ́.

Wúràọlá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkórè náà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó ti wọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan fún bàbá òyìnbó kan, ó ku ẹsẹ̀ kan, bàbá òyìnbó náà sì ń bínú.

"Wúrà, ewé óákù tí wọ́n ní òògùn ni yẹn, ṣé mo lè kó ti orí pẹpẹ fún àwọn ẹran yẹn? Kò ní pa wọ́n lára?"

"Kò séwu, Mummy. Ẹ fún wọn. Mo wà ní work."

"O ṣé é, ọmọ dáadáa. Má sọ fún un pé èmi ni o. Kó ṣáà rí i pé inú ẹran òun dùn. Ìjà ọ̀hún ti sú mi."

Wúràọlá pa fóònù, ó fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò kejì sókè. Ewé orí pẹpẹ tí ìyá náà sọ yẹn, báàgì ọ̀rá kan ló rò pé ó máa jẹ́. Kò béèrè bó ṣe pọ̀ tó.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú rẹ̀ wò, ó sì ní kí Wúràọlá bá òun débi àwọn ẹran. Wúràọlá ṣí géètì pápá, ó dúró. Ẹ̀ka igi lásán ló kún ẹ̀gbẹ́ ibi ìjẹun, òkìtì tó ga dé àyà rẹ̀. Wọ́n ti jẹ gbogbo ewé rẹ̀, wọ́n ti bó èèpo àwọn ibòmíràn. Ó wá èso óákù kan ṣoṣo lórí ẹ̀ka, kò rí. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tú koríko, kò rí níbẹ̀ náà. Àwọn àgùntàn méjèèje ń wò ó. Kevin ṣì ń fi imú wá ilẹ̀ kiri, ó fẹ́ sí i.

Ó mọ ohun tó rí. Bí ẹni ń ka ìwé ló ṣe ń rí i lọ́kàn: táníìnì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti di gbogbo amúaradàgbà inú oúnjẹ mú tán, ó ti wá kan ògiri ìfun, ó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí kíndìnrín. Kò ní hàn lónìí. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin ló máa ń hàn, nígbà tó bá ti ṣe é tán. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan kan, òní ni kó ṣe é. Kó pe dókítà ẹran, kí wọ́n fún wọn ní ohun tí yóò fọ inú wọn. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló wá ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀ka. Ó ń gbé e ní dídì, ó ń gbé e lọ sẹ́yìn ọgbà, ó ń tì í sínú kòtò lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún. Ó tó wákàtí kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìyá yẹn ní kóun má sọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá wọn ò jẹ tó bẹ́ẹ̀, bóyá afẹ́fẹ́ ló gbá èso yẹn lọ. Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tó ń rò gan-an ni ojú bàbá, bí ojú yẹn á ṣe rí tó bá gbọ́ pé ẹni tó pè lọ́mọ ló ní kí wọ́n fún wọn. Ó da koríko gbígbẹ sílẹ̀ fún àwọn ẹran, ó pọn omi, ó ti géètì.

"Báwo làwọn èèyàn mi?" ni bàbá béèrè nílé, báńdéèjì lójú kan.

"Wọ́n wà pa, sà."

Òótọ́ ni. Wọ́n wà pa lọ́jọ́ Túsìdeè. Ní Wẹ́sìdeè, Dennis sáré wá pàdé bàbá ní géètì, bàbá sì fi fóònù ya á ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Wúràọlá wo fọ́tò náà títí. Ó ti ń sọ pé, Olúwa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè jẹun.

Ní Tọ́sìdeè, Dennis dá dúró síbi ọgbà, ó fi orí ti igi. Ó mu omi, ó tún mu omi, ó mu omi títí bàbá fi ní, "Kí lèyí ń mu bí ọ̀mùtí?" Ìgbẹ́ rẹ̀ le, ó dúdú, ikun wà lára rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, kò le mọ́, omi dúdú ló ń ya. Ó kú kí ilẹ̀ ọjọ́ Fúráìdeè tó mọ́. Winston ti dùbúlẹ̀ nígbà náà, àwọn méjì mìíràn ò sì jẹun mọ́.

Dókítà ẹran dé ní ọ̀sán, obìnrin òyìnbó kan tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún. Ó tẹ ikùn Winston, ó wo ẹnu rẹ̀, ó fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ó wò yíká pápá. Ó béèrè bóyá wọ́n jẹ èso óákù, ó ní ọ̀pọ̀ ẹran ló ti ń kú nítorí rẹ̀ lọ́dún yìí.

"No, no," ni bàbá wí. "No oak here, Doctor. Only small leaf, two months ago. Medicine. My daughter, she knows about it, she's a graduate."

Dókítà yíjú sí Wúràọlá. Ojú rẹ̀ ò le rárá. "Anything at all?" ló béèrè. "It would change what I give them."

Kòtò yẹn ò jìnnà, kò ju ogójì ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ibi tí wọ́n dúró. Bàbá ń wo Wúràọlá, ó ń dúró dè é kí ó fi ìmọ̀ rẹ̀ ti òun lẹ́yìn. Itọ́ gbẹ tán lẹ́nu rẹ̀.

"No," ló wí.

Ọ̀rọ̀ kan péré. Dókítà fún wọn lábẹ́rẹ́, ó ní èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò dé lọ́jọ́ Túsìdeè, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Winston kú lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ọ̀kan mìíràn. Kí wọ́n tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìyá òyìnbó tó ni ilẹ̀ pè pé ẹ̀kẹrin ti lọ.

Bàbá ò tíì fẹnu kan oúnjẹ láti ọjọ́ Fúráìdeè. Lẹ́yìn ìsìn, ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lọ síwájú pẹpẹ nínú sùtánà funfun rẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Ó ń bi Ọlọ́run ohun tí òun ṣe. Ó ní bóyá torí pé òun ò gbé òkú ìyàwó òun lọ sílé bó ṣe bẹ òun ni. Ó ní kí Ọlọ́run mú òun náà bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi àwọn mẹ́ta tó kù sílẹ̀. Àgbà ọkùnrin ń sunkún bí ọmọdé.

Wòlíì obìnrin wọn, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, dúró tì í, ó di ojú. Ó ní òun rí òkùnkùn kan ní ẹnu ọ̀nà pápá. Ó ní òkùnkùn náà ń gbé nǹkan wọlé. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn ń yí ojú wo ara wọn.

Wúràọlá ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Kì í ṣe ìran náà ló bà á lẹ́rù, ẹkún yẹn ni. Ó dìde láàárín àwọn obìnrin, ó rìn dé iwájú.

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ nípa ẹ̀ka óákù, ó sọ nípa èso rẹ̀, ó ṣàlàyé bí táníìnì ṣe ń dì mọ́ ara ẹran nígbà tó bá pọ̀ jù. Ó ní òun rí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun sì gbé e pamọ́, òun purọ́ fún dókítà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun pè é nísinsìnyí, torí mẹ́ta ṣì wà láàyè. Ó ń sọ ọ́, ó ń sunkún, ó ń retí kí ojú bàbá yí padà.

Ojú bàbá ò yí padà sí i. Bàbá dìde jókòó, ó ní, "Ẹ̀ka wo? Ta ló gbé ẹ̀ka dé pápá mi?"

"Ti orí pẹpẹ, sà. Mummy Ìbíyẹmí pè mí níbi iṣẹ́. They asked me first, sà. Wọ́n béèrè, èmi ni mo ní kí wọ́n fún wọn. Wọ́n kàn ní kí n má sọ pé àwọn ni."

Gbogbo orí yí sẹ́yìn. Ìyá Ìbíyẹmí dúró létí òpó, ìwé orin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o," ni Wòlíì Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ewé tí a gbàdúrà sí. Ewé tí òróró wà lórí ẹ̀. Ṣé ewé yẹn lè pa ẹran?"

"Rárá!" ni ìjọ dáhùn.

"Táníìnì tí sister ń sọ yẹn, ṣé ó lágbára ju ẹ̀jẹ̀ Jésù lọ?"

"Rárá o!"

"Kí ló wá pa wọ́n? Ewé kọ́. Ọwọ́ tó gbé e ni."

Wúràọlá pariwo pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ewé ni, pé kò sí àdúrà tó lè yọ táníìnì kúrò nínú ewé, ẹnu sì ya òun náà pé òun sọ bẹ́ẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ẹnì kan fa aṣọ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní, "Ẹ wò ó, ó ti kó sí i lórí." Ẹnì kan tún béèrè pé ta ni kò mọ̀ pé obìnrin yẹn àti bàbá kì í kíra láti èṣí? Kí ló ń wá nínú oko ọ̀tá rẹ̀ nígbà tí bàbá ò sí níbẹ̀? Kí ló dé tó fi ní kí ọmọ ọlọ́mọ má sọ? Gbogbo ìbéèrè náà ní ìdáhùn, ìdáhùn náà ò sì lọ́jú pọ̀ rárá: ìyá náà fẹ́ parí ìjà ni. Wúràọlá sọ ọ́. Ariwo bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyá Ìbíyẹmí ò pariwo. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ gé ẹ̀ka náà ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan bọ́ sápá ọ̀tún, ọ̀kan bọ́ sápá òsì. Wúràọlá nìkan ni ìyá náà ń wò. Ó ní, "Mo ṣáà béèrè, Wúrà." Ó tún un sọ bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń sọ fún: "Mo béèrè kí n tó gbé e lọ."

Bàbá Adétúnbọ̀ fọwọ́ kan Wúràọlá léjìká. Ọwọ́ náà gbóná, kò sì le. "Ó tó, ọmọ mi. Má sọ̀rọ̀ mọ́. Ìwọ ò mọ̀ pé wọ́n ń lò ẹ́ ni. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹ wọlé torí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹ."

"Sà, ẹ jẹ́ ká pe dókítà. Àwọn mẹ́ta yẹn, sà."

"Dókítà ò lè wo èyí. A ti mọ ohun tó jẹ́ báyìí. Àdúrà la máa gbà."

Ó mọ̀ pé àwọn mẹ́ta náà á kú nìyẹn. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun fa ọwọ́ òun yọ, kóun padà lọ dúró ti ìyá arúgbó yẹn létí òpó, kóun má kúrò níbẹ̀ bí gbogbo ìjọ tilẹ̀ kọjú ìjà sí àwọn méjèèjì. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni. Bàbá sì ń fà á lọ jẹ́jẹ́, òun náà ń tẹ̀ lé e.

Nínú ọkọ̀, bàbá bá a fa bẹ́líìtì, ó tan ẹ̀rọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè móoru. Ó ní kó má bẹ̀rù, pé ohunkóhun tí wọn ì báà ṣe, kò sẹ́ni tó máa lé e kúrò nílé òun. Ọ̀rọ̀ tó ti ń fẹ́ gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Ara rẹ̀ balẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ, ara tó balẹ̀ yẹn sì bà á lẹ́rù ju àwọn ẹran tó kú lọ. Bàbá yí ọkọ̀ padà sójú títì. Wúràọlá rí Ìyá Ìbíyẹmí nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó dúró níta ṣọ́ọ̀ṣì nínú sùtánà rẹ̀, kò wọ bàtà, torí kò sẹ́ni tó jẹ́ kó wọlé padà lọ mú un. Wúràọlá ò sì sọ fún bàbá pé kó dúró.